Ọwọ́ Ìyá Ló Ń So Ọ̀já

Bọ́ọ̀lù náà ta padà lẹ́nu apẹ̀rẹ̀, ọmọbìnrin mẹ́rin sì fò tẹ̀lé e lẹ́ẹ̀kan náà. Fadérera ló ga jù nínú wọn. Ọwọ́ rẹ̀ ló kọ́kọ́ bà á, ó fà á mọ́ àyà, ó sì fi ẹsẹ̀ òsì nìkan balẹ̀. Láti ìlà àwọn ìyá, Àrìnpé rí i pé orúnkún ọmọ òun yẹ̀ sínú, bí ìgbà tí ènìyàn fẹ́ jókòó tó tún yí èrò padà. Kò tó ìpajú kan. Fadérera ti nàró, ó ti ń gbá bọ́ọ̀lù lọ sí òdìkejì pápá, ọ̀já tó wà lórúnkún rẹ̀ sì ń tàn ní àwọ̀ ewé bí ẹni pé kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀.

Àrìnpé dìde, ó tún jókòó. Orúnkún irin tirẹ̀ kùn nígbà tó ká a.

"Ìyá Fadérera, ẹ rọra o," ni Ìyá Mobọ́láńlé tó jókòó tì í wí lábẹ́ ẹnu. "Etí ń gbọ́."

"Mi ò sọ̀rọ̀ kankan."

"Ẹnu yín ló ń mì. Mo ti ń wò yín látàárọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi tiyín kó bá gbogbo wa."

Òótọ́ ni obìnrin náà sọ. Àrìnpé fi ọwọ́ bo ẹnu, ó gbójú sókè wo òrùlé. Etí méjìlá ló so rọ̀ síbẹ̀, ẹ̀rọ agbọ́rọ̀ dúdú, róbótó, bí ìdérí ìkòkò. Ènìyàn lè bú rẹfirí títí ọ̀fun rẹ̀ á fi gbẹ, Etí kò ní dá a lóhùn. Ó lè gbàdúrà, ó lè ṣépè, ó lè kọrin èébú sí àwọn ará Òkè-Àbàtà tó jókòó sí òdìkejì, ìyẹn náà kò kan Etí. Ṣùgbọ́n kí ìyá kan la ẹnu ki ọmọ rẹ̀ ní gbólóhùn kan péré, fèrè á dún, eré á parí, ìlú ìyá náà á sì pàdánù omi oṣù mẹ́rin ọ̀gbẹlẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

Omi ni wọ́n ń torí rẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù. Odò-Ìgbín àti Òkè-Àbàtà ti fi ìbọn bára wọn jà lórí ìsédò kan ṣoṣo tó wà láàárín wọn, òkú sì sùn lọ bẹẹrẹ. Nígbà tí ó rẹ̀ wọ́n, àwọn àgbà ìlú méjèèjì mulẹ̀ pé ọwọ́ tó ti gbé ìbọn rí kò gbọdọ̀ du omi mọ́ láéláé. Wọ́n wá ọwọ́ tí kò gbé ìbọn rí káàkiri, ọwọ́ àwọn ọmọbìnrin ni wọ́n rí. Ọgbọ́n àgbà nìyẹn: àwọn jà tán, wọ́n wá ní kí ọmọ ọlọ́dún mẹ́rìndínlógún máa gbé ẹrù ìjà náà kiri lórí orúnkún.

Òfin oríkì náà kò sì ṣàdédé wáyé. Ọ̀já orúnkún kò mọ eegun, kò mọ iṣan. Ìrora ló mọ̀. Bí ìrora bá kéré, á tan àwọ̀ ewé. Bó bá pọ̀ díẹ̀, á di ìyeyè. Bó bá di pupa, ọmọ náà ti kúrò lórí pápá nìyẹn, ó di ọdún tó ń bọ̀. Ẹ̀rọ tó dára ni, àfi pé àwọn tó ṣe é kò mọ ohun tí gbogbo ọmọ Yorùbá mọ̀ láti orí ẹní: ẹni tí orí rẹ̀ bá ti wú kì í gbọ́ ìrora. Ọmọbìnrin Òkè-Àbàtà kan fi eegun ṣíṣẹ́ gbá ìpele méjì gbáko nígbà kan, ìyá-ìyá rẹ̀ ń kì í lákìíìdúró, ọ̀já ń tàn ní àwọ̀ ewé títí ọmọ náà fi ṣubú tí kò sì rìn mọ́. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n ní kí gbogbo agboolé wá ka oríkì ilé wọn sí Etí, kí Etí lè dá a mọ̀ nígbàkúùgbà tó bá gbọ́ ọ.

Gbogbo agboolé ló kà á, àfi ti Àrìnpé. Ìyá rẹ̀, obìnrin alágídí, kí Ọlọ́run fọ̀run kẹ́ ẹ, lọ jókòó síwájú Etí, ó sì ka bí wọ́n ṣe ń se ẹ̀bẹ sí i láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, pẹ̀lú ohùn arò. Etí gbà á, ó fi pamọ́. Títí dòní, bí ènìyàn bá dárúkọ iṣu, epo àti ata ní ìtẹ̀léra nínú pápá náà, ó ṣeé ṣe kí fèrè dún.

Fèrè dún lóòótọ́, ṣùgbọ́n ti ìsinmi ni. Ìpele kẹta ti parí. Òkè-Àbàtà ní àmì mẹ́tàléláàádọ́ta, Odò-Ìgbín ní mọ́kànléláàádọ́ta. Àwọn ìyá gbé abọ́ omi wọn, wọ́n wọ orí pápá.

Bí májẹ̀mú ṣe wí nìyẹn: ọwọ́ ìyá ló ń so ọ̀já, ọwọ́ ìyá ló ń tú u. Lẹ́yìn ìpele kọ̀ọ̀kan, ìyá á tú ọ̀já ọmọ rẹ̀, á fi omi tútù pa á lẹ́sẹ̀, á sì tún so ó padà kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Wọ́n fi í sínú májẹ̀mú kí ẹnikẹ́ni má baà sọ lọ́la pé wọ́n fi ipá mú ọmọ òun. Láti ọdún mẹ́rìnlélógún tí wọ́n ti ń so ó, kò sí ìyá kan tó kọ̀ rí. Ta ló máa kọ̀, kó wá padà sílé pẹ̀lú àwọn aládùúgbò tí òùngbẹ ń gbẹ?

Fadérera ti jókòó sórí àga, ó na ẹsẹ̀, ó ń mí hẹlẹ-hẹlẹ. Òógùn ti lẹ irun mọ́ ọn lórí. Ọmọ tó ga ni, ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́, èjìká rẹ̀ ti fẹ̀ ju ti ìyá rẹ̀ lọ.

"Ẹ rí èyí tí mo gbà kẹ́yìn yẹn, Màámi? Ọmọ yẹn rò pé òun ga!"

"Mo rí i," ni Àrìnpé wí. Ó kúnlẹ̀ lórí orúnkún rẹ̀ tó dára, ó na èyí tó jẹ́ irin sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó sì tú ọ̀já náà.

Ó gbé ọwọ́ lé orúnkún ọmọ náà, ó yára gbé e kúrò, ó tún gbé e padà. Ó gbóná. Ó ti wú, wíwú náà kì í sì í ṣe ti òní. Ó rọ̀ lábẹ́ awọ bí àgbálùmọ̀ tó pọ́n jù. Nígbà tó rọra ká ẹsẹ̀ náà, nǹkan kan dún kẹ́kẹ́ nínú rẹ̀. Àrìnpé mọ ohùn náà dáadáa, ó ti gbọ́ ọ nínú ẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ́dún mọ́kànlélógún sẹ́yìn.

"Láti ìgbà wo?"

"Kí ni, Màámi?"

"Fadérera, má fi mí ṣeré. Láti ìgbà wo?"

Ọmọ náà wo apá ibi tí Kóòṣì Ayọ̀kà wà, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Láti ọjọ́ tí a sáré gun òkè yẹn."

"Ọ̀sẹ̀ márùn-ún?"

"Kì í dùn mí ní gbogbo ìgbà."

"Ẹ̀rọ àárọ̀ ńkọ́? Ojoojúmọ́ lẹ ń dúró síwájú rẹ̀ kó lè yẹ ìrora ara yín wò. Báwo ni kò ṣe rí i?"

Fadérera rẹ́rìn-ín músẹ́, ẹ̀rín ẹni tó fẹ́ sọ ohun tó máa dùn mọ́ ìyá rẹ̀. "Ẹ̀yin ni, Màámi. Tẹ́ ẹ bá ti kì mí láàárọ̀, kì í dùn mí mọ́. Nígbà míì ó máa ń tó ọ̀sán kó tó padà. Tí mo bá dé iwájú ẹ̀rọ, ewé ló máa ń tàn."

Ọwọ́ Àrìnpé dúró sójú kan nínú abọ́ omi.

Ó ti búra níjọ́ tí wọ́n fi irin sí i lẹ́sẹ̀ pé òun kò ní ki ọmọ òun lórí pápá láéláé, kódà bí Etí kò bá sí. Ó sì mú ìbúra náà ṣẹ. Ṣùgbọ́n ti òwúrọ̀ ńkọ́? Ta ló ń ka ti òwúrọ̀ sí? Ìyá wo ni kì í jí ọmọ rẹ̀ bẹ́ẹ̀? Láago mẹ́fà ni ó máa ń jókòó sétí ibùsùn, á gbá ọmọ náà ní ẹ̀yìn pẹ́pẹ́: Àwẹ̀ró, ọmọ a-sọ-òkè-dọ̀nà, ọmọ ẹ̀fúùfù-kì-í-bèèrè-ibi-tó-máa-gbà. Fadérera á nà bí ológbò, á rẹ́rìn-ín lójú oorun, á sì fò dìde. Ojoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni òun fúnra òun ń ti ilẹ̀kùn mọ́ ìrora ọmọ náà láago mẹ́fà, tí ẹ̀rọ á wá wò ó láago méje tí kò ní rí nǹkan kan. Ìfẹ́ ni ó pè é.

"Ìyá Fadérera, ìṣẹ́jú méje ló kù nínú ìsinmi." Kóòṣì Ayọ̀kà ti dé ẹ̀yìn rẹ̀. Ọmọdébìnrin ni òun náà, kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún, èékánná rẹ̀ ni ó máa ń jẹ bí àyà rẹ̀ bá ń já. "Ẹ jọ̀ọ́, mà. Ẹ bá wa so ó."

"Ẹsẹ̀ yìí ti ya nínú, Kóòṣì."

"Ewé ló tàn."

"Mo ní ó ti ya."

Kóòṣì Ayọ̀kà kò wo orúnkún náà. Ojú rẹ̀ wà lára àwọn ọmọ mẹ́rin yòókù tó ń mu omi. Ọmọ méje ni wọ́n gbé wá, bí májẹ̀mú ṣe ní kó rí, ọ̀já méjì sì ti di pupa láti ìpele kejì. Bí Fadérera bá jókòó, mẹ́rin ló máa kojú márùn-ún. "Mà," ni ó wí, omi sì ti ń lé sí i lójú, "èmi ò lè sọ pé kẹ́ ẹ so ó, mi ò sì lè sọ pé kẹ́ ẹ má so ó. Ẹ̀yin ni ìyá." Ó yí padà, ó lọ.

Ẹni tó wá rọ́pò rẹ̀ kò wá pẹ̀lú ẹkún. Olóyè Akínrìnádé ni, alága ìgbìmọ̀ omi, ọkùnrin tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ọ̀pá lọ́wọ́, fìlà rẹ̀ ti yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó rọra wọ orí pápá, ó dé ibi tí Àrìnpé kúnlẹ̀ sí. Kí ẹnikẹ́ni tó mọ ohun tó fẹ́ ṣe, ó ju ọ̀pá sílẹ̀, ó sì dọ̀bálẹ̀.

Gbogbo Odò-Ìgbín figbe ta.

"Háà! Bàbá, ẹ dìde! Ṣé ẹ fẹ́ kí n kú ni?" Àrìnpé di ọkùnrin náà ní apá méjèèjì, ó ń fà á. "Èmi ọmọ yín! Ẹ dìde, mo bẹ̀ yín!"

"Gbọ́ tèmi kí n tó dìde, Àrìnpé." Ẹ̀rẹ̀kẹ́ bàbá náà wà nílẹ̀ pápá, ohùn rẹ̀ sì lọ sílẹ̀ débi pé á ṣòro fún Etí pàápàá láti mú un. "Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí ìyá rẹ ka ẹ̀bẹ sí Etí. Mo rẹ́rìn-ín títí, mi ò sì fẹjọ́ rẹ̀ sùn. Oríkì ilé yín kò sí nínú ẹ̀rọ. Ẹnu rẹ nìkan ló kù sí. Bí o bá ń so ọ̀já, sọ ọ́ sí ọmọ náà létí. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀."

"Bàbá, ẹ wo ẹsẹ̀ mi."

"Mo rí i."

"Abẹ́ apẹ̀rẹ̀ yẹn ni mo ti fò. Ìyá mi kì mí, mo fò, a jáwé olúborí. Ilé ni mo dé kí n tó ṣubú. Mi ò tíì pé ọmọ ogún ọdún. Omi tí mo fò fún, Bàbá, ta ló rántí pé òun mu ún?"

"Èmi mu ún," ni Olóyè Akínrìnádé wí.

Àrìnpé tú apá rẹ̀ sílẹ̀.

"Mo mu ún. Ọmọ mi tó kéré jù wà lórí ìdùbúlẹ̀ lọ́dún náà, dókítà ní kó máa mu omi ṣáá, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ó máa kú. Ó mu ún, kò kú. Òun ló jókòó sọ́hùn-ún yẹn, ọmọ mẹ́ta ló ti bí. Ojoojúmọ́ tí mo bá rí ẹ tó o ń tiro kọjá lójúde mi, mo máa ń rántí. Má rò pé mi ò rántí." Ó gbé orí sókè díẹ̀. Ojú àgbà náà pọ́n. "Ọmọ mẹ́tàdínlógún ló wà lórí ìdùbúlẹ̀ lónìí, Àrìnpé. Bí a bá pàdánù, omi ìgò kan lóòjọ́ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ni, fún oṣù mẹ́rin. Èwo nínú wọn ni kí n lọ sọ fún ìyá rẹ̀ pé kó gbàgbé ọmọ rẹ̀?"

Ó dìde fúnra rẹ̀, ó gbọn eruku nù, ó sì kọ ẹ̀yìn sí wọn. Agbádá rẹ̀ bo Àrìnpé àti ọmọ rẹ̀ kúrò lójú ará Òkè-Àbàtà. Àrìnpé rí i pé ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀ ni.

Ẹni tó bá rò pé ọ̀rọ̀ yìí rọrùn, kó lọ rò ó wò. Bí àgbà náà bá jẹ́ ìkà, ì bá rọrùn. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìkà, òùngbẹ náà kì í sì í ṣe irọ́.

"Màámi." Fadérera tẹ̀ síwájú, iwájú orí rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ti ìyá rẹ̀. "Mo gbọ́ gbogbo ẹ̀. Ẹ kì mí."

"Má dá sí i."

"Ẹsẹ̀ mi kọ́ ni? Ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré ló kù nínú eré. Àmì méjì ni wọ́n fi jù wá lọ, Màámi, mo lè gbà á lọ́wọ́ wọn! Ẹ̀yin náà fò."

"Torí pé mo fò ni mo ṣe ń sọ̀rọ̀."

"Ṣé ẹ kábàámọ̀ ni?"

Ìbéèrè náà bá Àrìnpé lójijì, kò sì lè purọ́ sí i. Kí ló fẹ́ sọ? Ó rántí ọjọ́ náà ju ọjọ́ ìgbéyàwó rẹ̀ lọ. Ó rántí bí ohùn ìyá rẹ̀ ṣe gun ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ lọ, bí ara rẹ̀ ṣe fúyẹ́, bí ilẹ̀ ṣe dà bíi pé ó ń tì í sókè. Kò tíì sí ohun tó dùn tó o ní gbogbo ayé rẹ̀. Ohun tó burú jù níbẹ̀ nìyẹn, pé ó dùn.

"Mi ò mọ̀," ni ó wí.

"Ẹ wá jẹ́ kí èmi náà mọ̀ ọ́n." Ọmọ náà dijú. Ó gbé etí sún mọ́ ẹnu ìyá rẹ̀, ó sì dúró dè é.

"Ìṣẹ́jú méjì!" ni rẹfirí kígbe.

Àrìnpé gbé ọ̀já náà. Ó fi ọwọ́ kejì di orúnkún ọmọ náà mú, ó sì gbé ẹnu sétí rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́: ó fẹ́ kì í. Àwẹ̀ró ti dé ẹnu ahọ́n rẹ̀. Ó ro ti àwọn ọmọ mẹ́tàdínlógún náà, ó ro ti Olóyè ní ìdọ̀bálẹ̀, ó ro bí òun ṣe máa rìn gba àdúgbò kọjá lọ́la. Ó fa èémí.

Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ wá gbọ́ ohun kan. Iṣan tó le koko lókè orúnkún Fadérera ti ń dẹ̀. Àrìnpé kò tíì sọ ọ̀rọ̀ kan, èémí nìkan ló fà, ìrora ọmọ náà sì ti ń kó ẹrù rẹ̀ láti máa lọ. Ara ọmọ náà ti mọ̀ ọ́n. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni òun ti fi kọ́ ọ pé kó máa gbọ́ ti ìyá rẹ̀, kó má gbọ́ ti ara rẹ̀. Bí òun bá sọ pé kó fò, á fò. Bí orúnkún náà bá já sí méjì, á tún fò. Ẹ̀rù tí kò bà á rí látìgbà tó ti bímọ bà á.

Ó pa ẹnu dé. Ó ká ọ̀já náà, ó ká a lẹ́ẹ̀kejì, ó rì í sínú abọ́ omi, iná ara rẹ̀ sì kú. Lẹ́yìn náà ló di àga mú, ó dìde dúró, ó na ọwọ́ ọ̀tún sókè kí rẹfirí lè rí i.

"Mi ò so ó."

Rẹfirí náà sún mọ́ ọn. "Ẹ ní kí ni, mà?"

"Èmi ni ìyá rẹ̀. Mo ní mi ò so ó."

Ariwo sọ láti apá Odò-Ìgbín. Èébú tí Àrìnpé kò gbọ́ rí nínú ayé rẹ̀ ni wọ́n ń bú u, ẹnì kan sì sọ ìgò òfìfo kan tó bà á lẹ́yìn. Olóyè Akínrìnádé yí padà, ó wò ó fún ìgbà díẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ mú ọ̀pá rẹ̀, ó sì ń lọ ní tirẹ̀. Àrìnpé ì bá fẹ́ kó bú òun.

"Màámi!" Fadérera ti lajú. "Màámi, ẹ so ó! Ẹ má dójú tì mí! Gbogbo èèyàn ló ń wò wá!"

"Jókòó, ọmọ mi."

"Ẹ ò nífẹ̀ẹ́ mi! Tẹ́ ẹ bá nífẹ̀ẹ́ mi ẹ ò ní ṣe báyìí sí mi!" Ó tari ọwọ́ ìyá rẹ̀ dànù, ó fò dìde láti sáré bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ìṣísẹ̀ kan ló rìn. Ní èkejì, gbogbo ohun tó ti ń dúró lóde fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún wọlé bá a lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ké igbe kan tó pa ariwo pápá, ó sì wó lulẹ̀.

Ọmọ mẹ́rin ló gbá ìpele kẹrin. Wọ́n sa gbogbo ipá wọn, kò sì sí ẹni tó lè sọ pé wọn kò sa á, ṣùgbọ́n mẹ́rin kì í ṣe márùn-ún. Àmì mẹ́rìnlá ni Òkè-Àbàtà fi borí. Nígbà tí fèrè ìsédò dún láti ọ̀nà jíjìn, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ pé ilẹ̀kùn omi ti yí sí apá kejì, Àrìnpé àti Kóòṣì Ayọ̀kà ti ń gbé Fadérera gba ọ̀nà ẹ̀yìn lọ sí yàrá dókítà. Àwọn obìnrin àdúgbò rẹ̀ ń bọ̀ níwájú. Ìyá Mobọ́láńlé wà nínú wọn. Wọ́n pínyà sọ́tùn-ún sósì kí wọ́n lè kọjá, kò sì sí ẹnì kan tó ní ẹ kú ọ̀nà, kò sẹ́ni tó ní ẹ pẹ̀lẹ́. Kí obìnrin Odò-Ìgbín kọjá lára ẹni láìkíni, ó ju kí ó gbáni létí lọ.

Dókítà tó wà níbẹ̀ jẹ́ ará Òkè-Àbàtà, obìnrin kúkúrú kan tó ń sọ̀rọ̀ kíákíá. Ó tẹ́ Fadérera sórí tábìlì, ó fa ẹ̀rọ kan bí agboòrùn wálẹ̀ sórí ẹsẹ̀ rẹ̀, ó sì ń tẹ nǹkan.

"Iṣan inú lọ́hùn-ún ti ya, ó dá mi lójú, ṣùgbọ́n mi ò mọ ibi tó ya dé. Bí ó bá jẹ́ ìlàjì, a lè rán an, á sì rìn dáadáa." Kò sọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ bó bá ju ìlàjì lọ.

Fadérera ń gbọ̀n. Gbogbo ìbínú rẹ̀ ti lọ, ó ti di ọmọ kékeré. Ó di aṣọ ìyá rẹ̀ mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. "Màámi, ẹ kì mí. Eré ti parí, kò sí òfin mọ́. Ẹ kì mí, mo bẹ̀ yín. Ó ń dùn mí. Mi ò mọ̀ pé bó ṣe ń dùn nìyí."

Àrìnpé ti la ẹnu. Ta ni kò ní la ẹnu?

"Ẹ má kì í o!" Dókítà náà ti na ọwọ́ sí i. "Ẹ jọ̀ọ́, mà. Ìyá ni èmi náà. Ẹ̀rọ yìí ò rí ohun tó ya, ìrora ló ń tẹ̀lé débẹ̀. Tẹ́ ẹ bá lé ìrora náà lọ, ibi tí kò yẹ ni mo máa gé. Ẹ jẹ́ kó dùn ún. Kó sì máa fi ibi tó ti ń dùn ún hàn wá."

Àrìnpé pa ẹnu dé. Ó lé ní ogún ọdún tí oríkì náà ti wà lẹ́nu rẹ̀, kò sì wúwo tó báyìí rí. Omi ń dà lójú rẹ̀, kò nù ún. Ó jókòó sétí tábìlì náà, ó gbé orí ọmọ náà lé itan rẹ̀ tó dára.

"Fadérera," ni ó wí. "Níbo ló ti ń dùn ọ́?"

Ọmọ náà yí ojú sí ògiri. Lẹ́yìn náà ló mú ìka ìyá rẹ̀, ó fà á lọ sílẹ̀, ó sì fi í sí ẹ̀gbẹ́ inú orúnkún náà.

"Ibí," ni ó wí láàárín ẹkún. Ó gbé ìka náà kúrò, ó gbé e síbòmíràn. "Ibí náà. Àti ibí, Màámi. Àti ibí."